Ọ̀já àti orógùn: bí a ṣe rántí sójà olùtọ́jú kan ní Iléṣà

Ọlọ́kadà kan ló gbé iṣu mẹ́fà wá sílé kan ní Òkèṣà lọ́jọ́ Sátidé kan. Ó ń tiro. Ó ní òun ń wá sójà tó kọ́ ìyá alátà bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo wá kí ìyá tó bí sójà náà ni, ìyá ló sì ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún ọlọ́kadà yìí pé ẹni tó ń wá ti kú láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ó ṣáà ń rẹ́rìn-ín, ó ń kó iṣu kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ bá mi pè wọ́n, Mà, kí n dọ̀bálẹ̀ kí wọn." Ìyá wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé ìbẹ̀wò yẹn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kí ó má bàa sọnù. Ọdún 29 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá ní Iléṣà. Ikú ti mú lára àwọn ọmọ tí mo kọ́ rí, àmọ́ mi ò tí ì rí ibi tí ìdílé kan ti bá ara wọn fà á báyìí lórí bóyá kí wọ́n máa rántí ọmọ wọn tàbí kí wọ́n jẹ́ kó lọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀.

Ọdún tó wọ JSS 1 ni mo kọ́kọ́ rí i lórí pápá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ṣòkòtò rẹ̀ tóbi débi pé okùn ló fi dè é mọ́dìí. Mítà 400 ni mo yàn fún un, torí mo rí i pé kì í ná gbogbo agbára rẹ̀ tán níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti sá a rí mọ̀ pé 300 àkọ́kọ́ kọ́ ni eré náà. 100 tó gbẹ̀yìn ni, nígbà tí itan bá ti le bí igi, tí èémí ò tó mí mọ́, tó dà bíi pé ẹnì kan ń fà ọ́ láṣọ látẹ̀yìn. Ibẹ̀ lọmọ yìí ti máa ń já wọn sílẹ̀. "Ẹ̀fúùfù" làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é.

Eré yẹn nìkan kọ́ ni mo fi rántí rẹ̀. Mo kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ìka méjì kan ọrùn láti mọ bí ọkàn ṣe ń lù: kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn yòókù á ka tiwọn, wọ́n á sì sáré lọ mumi. Òun á ka tirẹ̀ tán, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíì, á ní, "Jẹ́ n wo tìẹ." Ọmọ ọdún 11! Ó ní ìwé kékeré tó ń kọ wọ́n sí. Wọ́n fi ìwé náà hàn mí lẹ́yìn ikú rẹ̀. Mo rí orúkọ ara mi níbẹ̀, pẹ̀lú 92, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Inú ń bí Mà lónìí."

Bàbá tó bí ìyá rẹ̀ a máa to eegun. Abúlé kan lọ́nà Ẹrìn-Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń gbé, ibẹ̀ lọmọ náà ti máa ń lo ọlidé. Á bá bàbá àgbà la ọparun sí pẹlẹbẹ, á bá wọn di èèyàn mú nígbà tí wọ́n bá ń fa eegun padà sáyè rẹ̀. Bàbá náà mọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn lónìí nítorí wọn. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n di ọparun mọ́ apá ọmọbìnrin kékeré kan, ìdè náà sì le jù, apá wá ń wú sínú rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìka ọmọ náà ti tutù, ó ti ń dúdú. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ọwọ́ náà ti kú. Wọ́n gé e. Odidi ọjọ́ méjì ni bàbá àgbà ò fi fẹnu kan oúnjẹ.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọmọ-ọmọ wọn wá bá mi lórí pápá. Kò bọ́ṣọ sáré. Ó bi mí pé, "Mà, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ìdè ti le jù?" Mi ò mọ ìdáhùn. Mo mọ̀ ọ́n báyìí, torí òun fúnra rẹ̀ ló padà wá kọ́ mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀: tẹ èékánná aláìsàn títí yóò fi funfun, kí o jọ̀wọ́ rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ ò bá padà síbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, tètè dẹ ìdè náà.

Nígbà tí mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ yẹn, ìtàn Noel Chavasse ni mo sọ fún un. Ọdún 1884 ni wọ́n bí Chavasse nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbejì ni òun àti Christopher, bàbá wọn sì padà di bíṣọ́ọ̀bù Liverpool. Àwọn ìbejì náà jọ sá mítà 400 ní Òlíńpíìkì London lọ́dún 1908, kò sì sẹ́ni tó kọjá ìpele àkọ́kọ́ nínú wọn. Mo tẹnu mọ́ ibẹ̀ yẹn, torí ọmọ mi yìí a máa sunkún tí wọ́n bá gba iwájú mọ́ ọn lọ́wọ́. Noel di dókítà, ó sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ Robert Jones, oníṣẹ́ abẹ eegun. Ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ tó ń jẹ́ Hugh Owen Thomas ni Jones ti kọ́ṣẹ́, ìdílé Thomas sì ti ń to eegun nílẹ̀ Wales láti ìran bàbá dé ìran ọmọ. Ojú ọmọ náà là nígbà tó gbọ́ ìyẹn. "Bíi ti bàbá àgbà?" Bẹ́ẹ̀ ni, bíi ti bàbá àgbà. Irin tí Thomas ṣe láti fi na ẹsẹ̀ tó kán ni wọ́n gbé lọ ojú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Kó tó di pé wọ́n ń lò ó níbẹ̀, nínú sójà mẹ́wàá tí eegun itan wọn kán, ó ń lọ bíi mẹ́jọ tó ń kú. Nígbà tí wọ́n lò ó tán, bíi mẹ́jọ ló wá ń yè.

Chavasse wà lójú ogun yẹn, olùtọ́jú fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun Liverpool Scottish. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1916, ní Guillemont nílẹ̀ Faransé, ó fi odidi ọjọ́ kan tọ́jú àwọn tó fara pa ní gbangba, níbi tí ọ̀tá ti ń rí i tí wọ́n ń yìnbọn. Alẹ́ lẹ́, ó tún lọ ń wá àwọn tó ṣẹ́ kù fún wákàtí mẹ́rin níwájú ọ̀tá. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó kó ogún èèyàn tó yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n lọ gbé èèyàn mẹ́ta nínú kòtò tí kò ju yáàdì 25 lọ sí ibi tí ọ̀tá wà. Wọ́n fún un ní Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún àwọn ológun nítorí ìgboyà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fara gbọgbẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀m, ó kọ̀ kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kú ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1917. Wọ́n tún fún un ní ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹni mẹ́ta péré ló gba Victoria Cross lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tó ti wà. Dókítà ológun ni méjì nínú wọn.

Mo rò pé oyè yẹn ni yóò wú ọmọ náà lórí. Ìbéèrè tó bi mí ni pé, "Àwọn ogún tó bá a lọ ńkọ́, Mà?"

Ó lọ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ní Iléṣà níbí, nígbà tó parí, ó wọṣẹ́ ológun. Bàbá rẹ̀ ò fẹ́, èmi náà ò fẹ́, mo sì sọ ọ́ sí i lójú. Ó dáhùn pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ. Oṣù mẹ́fà ló lò ní Zaria níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí ẹ̀ka ìṣègùn, lẹ́yìn náà ó di Borno. Wọ́n máa ń mú un sá mítà 400 fún ẹgbẹ́ tirẹ̀ nígbà ìdíje àwọn sójà. "Dókì" ni wọ́n ń pè é ní bárékè, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo olùtọ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe dókítà.

Tó bá gba ìsinmi wálé, ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ní ọjà Àtàkúnmọ́sà ló máa ń jókòó sí. Elùbọ́ ni ìyá ń tà, alátà wà lápá ọ̀tún, ẹlẹ́kọ wà lẹ́yìn. Ó ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kú lọ́nà Àkúrẹ́ àti lọ́nà Ifẹ̀ kò yẹ kó kú. Ẹ̀jẹ̀ ló ń tán lára wọn. Bí iṣan ńlá inú itan bá já, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ti tó pa èèyàn, ọkọ̀ wo ló máa dé láàárín ìyẹn? Ó ní àwa a máa da omi sí wọn lójú, a máa pariwo Jésù, ẹlòmíì a máa ya fídíò.

Lójú ogun, wọ́n ní ọ̀já tí wọ́n dìídì ṣe fún dídá ẹ̀jẹ̀ dúró, tó ní ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi ń lọ́ ọ. Kò sí irú ẹ̀ lọ́jà. Ó wo ọ̀já tí alátà fi pọn ọmọ, ó wo orógùn ọwọ́ ìyá ẹlẹ́kọ, ó ní, "Ó ti wà níbí." Bó ṣe kọ́ wọn nìyí, mo jókòó tì í, mo sì lè sọ ọ́ lójú oorun. Kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú egbò pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí o gbé gbogbo ara lé e. Bó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀ ni, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń tú jáde, wé ọ̀já yí i ká lókè egbò náà, níwọ̀n ìka mẹ́rin, láàárín egbò àti ara. Má wé e lórí orúnkún tàbí ìgúnpá. Má lo okùn ọ̀rá, yóò gé ẹran; ó yẹ kó fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Ta á ní kókó, fi orógùn lé kókó náà, ta á lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o wá máa lọ́ orógùn náà títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, kí o sì so ìdí orógùn mọ́lẹ̀ kó má bàa tú. Yóò dùn ún gidi. Ó lè bú ọ. Má tú u. Wo aago, kí o kọ ọ́ sára rẹ̀ níbi tí dókítà á ti rí i. Ọsibítù ló ń tú u.

Ó máa ń parí rẹ̀ pé, "Èyí tí bàbá àgbà so, kò yẹ kó le tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó yẹ kó le rèé."

Ìyá rẹ̀ a máa pariwo mọ́ ọn. "Ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀, níwájú elùbọ́ mi! Ṣé o fẹ́ lé àwọn oníbàárà mi lọ ni?"

Bó ṣe kú ò gbà mí lọ́rọ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń lọ gun bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́ ojú ọ̀nà. Òun wà nínú ọkọ̀ tó tẹ̀lé e. Ó sáré lọ bá wọn, ó di ẹsẹ̀ ẹni àkọ́kọ́, ó ń lọ bá ìkejì nígbà tí bọ́ǹbù mìíì bú. Ẹni tó di ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn wà láàyè. Òun jẹ́ ọmọ ọdún 26.

Maiduguri ni wọ́n sin ín sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin nìkan ló lọ, òun ni wọ́n ká àsíá lé lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Òbí kì í wo sàréè ọmọ. A kì í se, a kì í lù, a kì í dá aṣọ ẹbí. Ìyá rẹ̀ yí fọ́tò rẹ̀ dojú kọ ògiri, ó kó bàtà eré rẹ̀ sínú àpò elùbọ́, ó sì sọ fún gbogbo ilé pé òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ náà mọ́. Mi ò sọ pé àṣà yìí burú. Mo ti rí ìyá tí dídákẹ́ yẹn gbà là nígbà tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ bẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé láàárín oṣù mẹ́rin, ọmọ náà ti ń di ẹni tí kò gbé inú ilé yẹn rí. Àbúrò rẹ̀ kékeré bi mí nídìí kànga bóyá ó ṣì lè sọ pé òun ní ẹ̀gbọ́n méjì.

Àfi bí ọlọ́kadà ṣe dé.

Ó jókòó, ó rọra sọ ọ́. Tìpà ló gbá a ní Ìsọ̀kùn, irin ọ̀kadà sì ya itan rẹ̀. Ìyá alátà ń ti ọjà bọ̀, ó ń kọjá lọ. Ó tú ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn, ó fa ọ̀já yọ, ó bá wọn gba igi orógùn lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ro àmàlà lẹ́bàá títì. Ọlọ́kadà ní òun bú ìyá náà, òun bú ìyá tó bí i, torí oró náà kọjá sísọ, ìyá náà sì ń lọ́ orógùn lọ, ó ń sọ pé, "Sójà ní kí n má tú u." Wọ́n gbé e dé ọsibítù Wesley Guild pẹ̀lú orógùn lẹ́sẹ̀. Wọ́n rán iṣan náà, wọn ò gé ẹsẹ̀.

Ìgbà tó sọ̀rọ̀ tán ni ìyá sọ fún un pé ọmọ náà ti kú. Ọkùnrin yẹn sunkún débi pé ìyá ló padà ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fẹ́ lọ, ìyá ní kó jẹ́ kí òun rí ojú àpá náà. Ó fọwọ́ kàn án, ó pẹ́ kó tó gbọ́wọ́ kúrò.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n pe ìpàdé ẹbí, wọ́n sì pe èmi náà. Kò rọrùn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe eré ìje ńlá láàárín ìlú, kí wọ́n tẹ fọ́tò rẹ̀ sára ṣẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n gba onílù. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, àmọ́ ó jọ ìnáwó òkú arúgbó, ara mi ò sì gbà á. Bàbá rẹ̀ kékeré bínú dìde, wọ́n ní a fẹ́ sọ òkú ọ̀fọ̀ di òkú ẹ̀yẹ, pé kí ayé má rò pé à ń yọ̀. Ẹnì kan ní ṣebí ìjọba ń ṣèrántí àwọn sójà lọ́jọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní lọ́dọọdún, ọjọ́ tí Ogun Abẹ́lé parí lọ́dún 1970, pé kí wọ́n fi í mọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fọn fèrè, wọ́n tú ẹyẹlé sílẹ̀, ó tó. Ìyá ní òun ò lè fetí gbọ́ fèrè yẹn.

Èmi sọ ti Sunday Bada fún wọn. Ní Sydney lọ́dún 2000, òun àti Clement Chukwu, Jude Monye àti Enefiok Udo-Obong gba fàdákà nínú eré ẹlẹ́ni mẹ́rin, mítà 400 lọ́nà mẹ́rin. Amẹ́ríkà ló gba wúrà. Ó padà hàn pé ẹnì kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà ti lo oògùn, wọ́n sì gbé wúrà náà fún Nàìjíríà lọ́dún 2012. Bada ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2011. Mo bi wọ́n léèrè pé ṣé ẹnikẹ́ni sọ nígbà náà pé ká má gbà á torí ó kú lọ́mọdé? Bàbá kékeré dákẹ́, àmọ́ wọn ò gbà.

Bàbá àgbà atoeegun ló yanjú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ti dàgbà gan-an báyìí. Wọ́n ní àwa Ìjẹ̀ṣà ò jẹ́ gbàgbé Ògèdèngbé, ojoojúmọ́ là ń kì í. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi wà lójú ogun Kírìjì. Ta ló ń gbé àwọn tó fara gbọta kúrò níbẹ̀? Ta ló ń wẹ egbò? Wọ́n ní ọ̀kan lára wọn ni baba tó bí baba àwọn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ làwọn sì jogún, pé wọn ò kì í, wọn ò lùlù fún un, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò kú. "Ẹ má lùlù fún ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ máa ṣiṣẹ́." Mo rántí ìbéèrè tó bi mí nípa àwọn ogún yẹn, mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìyá ló wá fi òfin lélẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí fọ́tò. Kò gbọdọ̀ sí orúkọ. Kò gbọdọ̀ sí ìlù, kò gbọdọ̀ sí oúnjẹ. Kó má bọ́ sí ọjọ́ tó kú. Kí wọ́n kàn kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tó ń kọ́ wọn níwájú elùbọ́ òun. Bí wọ́n bá fẹ́ sáré, kí wọ́n sáré.

A fi í sí Sátidé kan ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí iṣu tuntun ti kún ọjà. Àwọn ọmọ pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn ọlọ́kadà wá láti gáréèjì, alátà kó àwọn obìnrin ọjà lẹ́yìn. A sá mítà 400, ìyípo kan péré yí pápá ká. Kò sí ife, kò sí ipò kìn-ín-ní. Ẹni tó bá sá dé òpin gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọrùn ẹlòmíì, kó ka ọkàn rẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣe ni pápá náà dákẹ́, gbogbo ọmọ ń kà sínú. Mo ti dúró lórí pápá yẹn fún ọdún 29, mi ò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà la jókòó sábẹ́ igi láti kọ́ ti ọ̀já. Ọlọ́kadà yẹn na ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n fi kọ́ṣẹ́, ẹsẹ̀ tí kò ní àpá. Ìyá jókòó lẹ́yìn pátápátá. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé yóò wá. Àbúrò rẹ̀ kékeré ló kàn, ó wé ọ̀já, ó ta kókó, ó ń lọ́ orógùn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá dìde. Ó fa ọ̀já mìíì yọ nínú báàgì rẹ̀, ọ̀já aláró kan tó ti ṣá, mo sì mọ̀ ọ́n torí mo rí i lẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún tó fi ń pọn èyí àbúrò.

"Tìẹ yẹn tẹ́ẹ́rẹ́ jù," ó sọ fún ọmọ náà. "Gba èyí. Òkè díẹ̀ sí i. Lọ́ ọ. Lọ́ ọ, kò tí ì le." Ó tẹ èékánná ẹsẹ̀ ọlọ́kadà náà, ó wò ó, ó ní ó ti tó. Ó nawọ́ gba bírò lọ́wọ́ mi.

"Aago mélòó ló lù?"

Mo ní mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méje. Ó kọ ọ́ sí iwájú orí ọkùnrin náà, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, kí dókítà lè rí i.